Owó Bàbá Sàlá

Ẹni tí kò mọ Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ á mọ Bàbá Sàlá. Kó tó di aláwàdà, olórin ni. Òun ló ni ẹgbẹ́ Federal Rhythm Dandies, ibẹ̀ sì ni Sunny Adé ti ta gìtá kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Àwàdà ló sọ Bàbá Sàlá di olówó. Bí eré rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, àdúgbò á dákẹ́. Bí ọkọ̀ ẹgbẹ́ eré rẹ̀, Aláwàdà, bá wọ ìlú, gbọ̀ngàn á kún fọ́fọ́. Ní Òṣòdì, níbi tí bàbá mi ti ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ojú irin, àwọn ọmọdé máa ń fi okùn so páálí mọ́ ọrùn, wọ́n ní aago Bàbá Sàlá ni.

Owó ìtàgé àti owó tó yá ló kó lé sinimá. Sinimá ìgbà náà kì í ṣe iṣẹ́ tálákà. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù, ẹ̀dà tó ń padà bọ̀ kì í ju díẹ̀ lọ, olówó rẹ̀ fúnra rẹ̀ á sì máa gbé e láti ìlú dé ìlú. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà ni yóò fi san gbèsè. Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun darí ní 1976, tí Adé Love kópa nínú rẹ̀, ti fi hàn pé èrò á wá. Ní 1982, Ọlá Balógun yìí kan náà ló darí Ọ̀run Móoru fún Bàbá Sàlá. Lámídì ló jẹ́ nínú rẹ̀, ọkùnrin tí àwọn oníjìbìtì gba gbogbo ohun tó ní.

Ohun tó tẹ̀lé e ṣì ń dùn mí dòní. Àwọn olè da sinimá náà sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Mo rí ọ̀kan ní ìsọ̀ bàbá mi: bírò ni wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀, oníbàárà tó gbé ẹ̀rọ wá fún àtúnṣe ló fi ń dán an wò. Ilé kan á rà, àdúgbò á wò, ẹni tó yá owó ṣe é kò ní rí kọ́bọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ (copyright) ti 1970 tó yẹ kó gbèjà rẹ̀ kò léyín. Nígbà tí ìjọba fi máa ṣe òmíràn ní 1988, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Òkìkí rẹ̀ kò dín, owó ló lọ. Síbẹ̀ kò pa iṣẹ́ tì: Ààrẹ Àgbáyé jáde ní 1983, Moṣebọ́látán náà sì tẹ̀lé e. Lójú tèmi, ìyẹn ju òkìkí lọ.

Ìjọba Èkó lábẹ́ Fáṣọlá wó àwọn ìsọ̀ Òṣòdì ní oṣù Kíní ọdún 2009, àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ sì túká. Ẹ̀dà olè kò bá wọn lọ. Orí fóònù ló wà báyìí. Bàbá Sàlá kú ní Iléṣà ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹwàá, ọdún 2018. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo eré Yorùbá ní Ìsọlọ̀, ní Mafólúkù, níbi yòówù kí ẹ wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sanwó fún ẹni tó ṣe é.