Ẹ̀ẹ̀rùn ní Òkèhò: Ìdílé, Àpáta àti Pápá

Bí a bá ń sọ ìtàn Òkèhò, ogun àti oyè ni a sábà máa ń gbé síwájú. Ohun tí mo mú wá lónìí kéré lójú: bí ìdílé ṣe máa ń kó jáde lọ gbé ní oko àti ní pápá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn kan rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ti ń ṣe é. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì sì ń wọ Òkè Ògùn wá kó ènìyàn lẹ́rú, àwọn ìletò kéékèèké kó ara wọn jọ sí àárín àwọn òkè. Ibẹ̀ ni a ń pè ní Ahoro lónìí. Òkè ni odi wọn. Mo ṣiyèméjì gidigidi pé òbí kan lè mú ọmọ rẹ̀ lọ sùn ní pápá nígbà náà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn àti ní Òkèhò nítorí ọ̀nà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà ń ṣe àkóso nípasẹ̀ àwọn ọba àti kóòtù tuntun. Wọ́n pa Ònjò fúnra rẹ̀. Ìjọba fi ọwọ́ líle tẹ ọ̀tẹ̀ náà rì, nígbà tí ó sì di ọdún 1917, wọ́n kó ìlú kúrò ní Ahoro wá sí ibi tí ó wà títí di òní. Kì í ṣe oore ni wọ́n fẹ́ ṣe: ìlú tí ó wà ní gbangba rọrùn fún ìjọba láti ṣọ́. Síbẹ̀, gbangba yìí kan náà ni ó ṣí pápá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn náà.

Èmi jẹ nínú rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí a sì ti wa iṣu, gbogbo agboolé wa ni yóò kó lọ sí oko. Àwọn ìyá wa yóò bẹ iṣu, wọn yóò bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná di ọjọ́ kejì, wọn yóò sì sá a sórí àpáta kí ó lè gbẹ fún èlùbọ́. Àwa ọmọdé ni a ń lé ewúrẹ́. Nígbà tí koríko bá gbẹ tán, àwọn ọkùnrin yóò tanná ran pápá, àwọn ọ̀dọ́ yóò sì mú kùmọ̀ àti ajá, wọn yóò máa dúró de ọ̀yà. (Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ yóò ní iná náà ń ba ilẹ̀ jẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ẹran náà dùn.)

Lóru, orí àpáta kan náà ni a ń sùn. Ooru ọ̀sán kì í tètè tán lára rẹ̀, bí ọyẹ́ tilẹ̀ ń fẹ́. Ibẹ̀ ni ìyá àgbà ti máa ń na ọwọ́ sí òkè tí ó dúdú lókèèrè, tí yóò máa ka àwọn ìletò tí ó para pọ̀ di Òkèhò lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ẹni tí ó kọ́kọ́ gun òkè nínú ìran wa. N kò kà á nínú ìwé kankan títí mo fi dàgbà.

Oko ti di ibi ìbẹ̀rù padà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, wọ́n kọlu Ìgàngàn lóru, ní Ìbàràpá tí ó bá wa pààlà, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì jó ilé. Ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2020 ń sa ipá, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé mi kì í jẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá wọn lóko mọ́. Ní ọyẹ́ tí ó kọjá, inú àgbàlá ni wọ́n ti bẹ iṣu, orí tapólì ni wọ́n sá a sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan bi mí pé níbo gan-an ni òkè náà wà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò ti dí i. Mo ní láti mú un jáde sí títì kí n tó lè na ọwọ́ sí i.