Họ́ọ̀nù Kì í Ṣe Wáàtì: Ẹ̀kọ́ Inú Ìtàn fún Àwọn Tó Ń Kan Sípíkà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ló ń ya. Òwe yìí bá sípíkà mu gẹ́gẹ́ bó ti bá ìlù mu. Ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, kì í ṣe gbogbo sípíkà tí à ń gbọ́ nílé, ní ilé ìjọsìn àti lóde àríyá ló ti òkè òkun dé lódidi. Gbẹ́nàgbẹ́nà a kan àpótí, wọn a ra wúfà lọ́tọ̀, wọn a ra họ́ọ̀nù lọ́tọ̀, wọn a sì tò wọ́n pọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tó yẹ ká yìn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi iye wáàtì tí wọ́n kọ sára páálí nìkan yan họ́ọ̀nù, ó fi ìtàn sílẹ̀ sẹ́yìn.

Kí iná mànàmáná tó dé ni àwọn baba wa ti mọ̀ pé ohun tó tín-ín-rín nídìí, tó sì fẹ̀ lẹ́nu, a máa gbé ohùn jìnnà. Kàkàkí jẹ́rìí sí i. Ní 1915, Peter Jensen àti Edwin Pridham fi họ́ọ̀nù sẹ́nu ẹ̀rọ oníná ní California, wọ́n sì pè é ní Magnavox, ìyẹn "ohùn ńlá" ní èdè Látìn. Ní 1926, E. C. Wente àti A. L. Thuras ti Bell Laboratories ṣe èyí tó di baba fún driver tí à ń dè mọ́ ìdí họ́ọ̀nù lónìí. Western Electric 555 ni orúkọ rẹ̀, sinimá tó ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n sì ṣe é fún.

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú driver yìí, tó ń ti afẹ́fẹ́ gba ojú tóóró kọjá sínú họ́ọ̀nù. Họ́ọ̀nù kò fi agbára kún agbára. Ó ń jẹ́ kí awọ kékeré rí afẹ́fẹ́ dì mú ni. Ìdí nìyí tí ìwọ̀nba wáàtì díẹ̀ fi ń kún gbọ̀ngàn ńlá nígbà náà.

Nílé wa, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ẹ̀rọ agbóhùnsókè wọ agbo jùjú. Ayinde Bakare wà lára àwọn tó kọ́kọ́ so gìtá mọ́ ọn, ní nǹkan bí 1949. Bí ìlù kò ṣe lè bo ohùn akọrin àti gìtá mọ́lẹ̀ mọ́, gángan ráyè wọlé, ìlù sì ń pọ̀ sí i, títí a fi dé orí King Sunny Adé, ọmọ ìdílé ọba ní Oǹdó, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ gìtá àti gángan rẹ̀. Bí sípíkà bá da gbogbo èyí pọ̀ mọ́ra wọn, a óò gbọ́ ariwo, a kò ní gbọ́ oríkì.

Kí wá ni ọgbọ́n yíyàn? Ẹnu họ́ọ̀nù ni kí a kọ́kọ́ wọ̀n. Ohùn ń rin nǹkan bí mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, ìgbì ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 500 ní ìṣẹ́jú àáyá (500 Hz) gùn tó sẹ̀ǹtímítà 68. Àyíká ẹnu họ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 22, bó bá jẹ́ róbótó. Bí a bá bu irú ohùn bẹ́ẹ̀ fún họ́ọ̀nù tó kéré ju èyí lọ, awọ kò ní rí afẹ́fẹ́ dì mú, yóò máa jà pìtìpìtì títí yóò fi ya. Owó ti wọgbó nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, kí ọ̀fun họ́ọ̀nù bá ẹnu driver mu rẹ́gí. Kí crossover sì má ṣe jẹ́ kí ohùn tó yẹ wúfà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbà náà ló kan wáàtì.

Ẹ wo fóònù àtijọ́: láti 300 Hz dé 3,400 Hz péré ló ń gbé, síbẹ̀ a ń fìyàtọ̀ sáàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ lórí rẹ̀. Àárín yìí ni ọ̀rọ̀ Yorùbá ń gbé, ibẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ họ́ọ̀nù pọ̀ sí jù. Ẹni tó bá yàn án dáadáa kò ní láti yí ohùn sókè kí ìwàásù tó yé ìjọ, àwọn aládùúgbò náà yóò sì rí oorun sùn.