Ìyá Tó Ń Dẹ́rù Bà Wá Nínú Fíìmù: Láti Ayé Ògúndé Dé Òní

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ wá lọ́kàn láti ọdún tó kọjá. A ó dé orí rẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ti ìdí ìtàn bọ̀.

Fíìmù òyìnbó kan wà tí àwọn ọmọ wa ń wò lórí fóònù, Mama ni wọ́n ń pè é. Ọdún 2013 ló jáde, Andrés Muschietti, ọmọ Argentina, ló darí rẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré méjì ni kò ní òbí mọ́, wọ́n wà nínú ahéré kan láàrin igbó fún ọdún márùn-ún, iwin obìnrin kan ló ń tọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n rí wọn, tí arákùnrin bàbá wọn gbà wọ́n sọ́dọ̀, iwin náà tẹ̀ lé wọn délé. Nígbà ayé rẹ̀, ó gbé ọmọ tirẹ̀ bẹ́ láti orí àpáta, kò sì rí ọmọ náà mọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ jọ̀wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó ba àwọn ọmọ lẹ́rù. Ká sòótọ́, ó ba àwa náà lẹ́rù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ fi ìyá dẹ́rù bà wá. Àwọn àgbà inú wa rántí Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọdún 1979 ni eré rẹ̀, Ayé, di sinimá, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Ògúndé fúnra rẹ̀ ló ṣe Ọ̀ṣẹ́tùúrá, babaláwo tó ń bá àwọn àjẹ́ jà. Jáyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980. Nígbà yẹn, ẹ ó sanwó, ẹ ó jókòó láàrin èrò. Tí ẹ̀rù bá bà yín, gbogbo yín ló bà pọ̀, bí iná bá sì tàn, ẹ ó rẹ́rìn-ín.

Fídíò ló gbé ẹ̀rù náà wọ yàrá. Kenneth Nnebue, oníṣòwò bíi tiwa, ọmọ Ìgbò tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì, náwó sí Àjẹ́ Ni Ìyá Mi ní nǹkan bí 1989, pẹ̀lú Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá tí gbogbo ayé mọ̀ sí I-Sho Pepper. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa: kì í ṣe àjẹ́ àdúgbò o, ìyá ẹni ni. Nnebue yìí náà ló ṣe Living in Bondage lédè Ìgbò ní 1992, níbi tí iwin ìyàwó tí ọkọ fi ṣe ògùn owó ti ń yọ sí ọkọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ka Nollywood láti 1992. Àwa ò gbà. Lọ́jà Yorùbá ló ti kọ́ṣẹ́.

Nílé wa, ìyá tó kú tó padà wá, Yétúndé là ń pè é, tàbí Ìyábọ̀, tàbí Yéwándé. A ó pọ̀n ọ́n, a ó máa kì í. Ìyá inú fíìmù yẹn wá gba ọmọ. Tiwa ló wá di ọmọ. Àwọn ará Kétu ní ilẹ̀ Benin ò sì sá fún agbára àwọn ìyá. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n ń jó fún wọn: ọkùnrin á gbé ère sórí, á di ọmú àti ìdí bí obìnrin, kí inú àwọn ìyá lè dùn sí ìlú. Ní 2001, UNESCO kéde rẹ̀ pé ogún gbogbo ayé ni. Ẹ̀rù wà níbẹ̀, a ò ní purọ́. Àmọ́ ẹ̀bẹ̀ àti ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, èyí tí fíìmù kò gbé wá.

Ohun tó jẹ́ ká kọ èyí nìyí. Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀ ní Fadikpe níbí. Kì í sùn lóru, ó máa ń jókòó ti ọmọ tuntun náà. Ara ọmọ wá gbóná. Ọkọ ọmọ rẹ̀, tí kì í fi irú fíìmù yìí ṣeré, ní kí ni màmá ń ṣe lórí ọmọ òun lóru. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ẹrù màmá ti wà ní páàkì. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ dé ọsibítù, ibà ni wọ́n bá lára rẹ̀, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Àwa tí a wà nítòsí gbọ́ ariwo náà lóru ọjọ́ yẹn, a ní ọ̀rọ̀ ilé onílé ni, a tilẹ̀kùn. A jẹ̀bi.

Ọmọ ti ń rìn báyìí. A ti bá ọkọ sọ̀rọ̀, ó ti pe màmá lórí fóònù, ó ti bẹ̀ wọ́n. Màmá ní àwọn ti gbọ́. Wọn ò tíì sọ pé àwọn ń bọ̀.