Pàjáwìrì Tí Kò Tán: Amẹ́ríkà àti Ìráànì

Ohun tí ó dé lójijì, tí kò fún ni láyè àtirò, ni Yorùbá ń pè ní pàjáwìrì. Nítorí náà, pàjáwìrì tí ó lé ní ogójì ọdún yẹ fún àyẹ̀wò.

Ní ọjọ́ 4, oṣù Kọkànlá, ọdún 1979, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya wọ ilé aṣojú Amẹ́ríkà ní Tehran, wọ́n sì mú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní ìgbèkùn. Lẹ́yìn ọjọ́ 10, Ààrẹ Jimmy Carter kéde pàjáwìrì. Òfin ọdún 1977 ni ó gbára lé tí ó fi gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní ìjọba Ìráànì tí ó wà lábẹ́ àṣẹ Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 444 ni àwọn 52 tí ó kẹ́yìn lò kí wọ́n tó gba òmìnira ní ọjọ́ 20, oṣù Kìíní, ọdún 1981, nípa àdéhùn tí ìjọba Àlùjíríà ṣe alárinà rẹ̀.

Ìgbèkùn tán, pàjáwìrì kò tán. Kí ni ó fà á? Ṣáájú ọdún 1976, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pé pàjáwìrì mẹ́rin ṣì wà lójú ọpọ́n. Ọ̀kan ti wà láti 1933! Wọ́n wá ṣòfin ní 1976 pé pàjáwìrì yóò kú fúnra rẹ̀ bí ọdún bá yí po, àfi bí Ààrẹ bá sún un síwájú. Òfin náà wo àrùn ìgbàgbé, ṣùgbọ́n kò rí ti bárakú ṣe. Lọ́dọọdún títí di 2024, Ààrẹ kan lọ, òmíràn dé, gbogbo wọn ni ó sún ti Ìráànì síwájú. Ìdí tí wọ́n ń sọ ni pé àárín ìlú méjèèjì kò tí ì gún, àti pé ìmúṣẹ àdéhùn 1981 kò tí ì parí. Ní 1995, Ààrẹ Clinton tún kéde èkejì lé e lórí.

Ẹni tí ó bá mú aṣojú ìlú mìíràn ní ìgbèkùn jẹ̀bi. Èyí kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ta ni ìyà náà ń jẹ? Òfin yọ oúnjẹ àti oògùn sílẹ̀. Síbẹ̀, àwọn báńkì tí ń bẹ̀rù ìtanràn kì í fẹ́ gba owó tí ó ti Ìráànì wá. Nípa bẹ́ẹ̀, oògùn lè wọ́n aláìsàn tí a kò tí ì bí ní 1979.

Ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn mú níbẹ̀ ni pé kíkéde ìjẹníyà rọrùn ju pípa á rẹ́ lọ. Òfin lè sọ ọjọ́ tí ìbínú yóò kú, ṣùgbọ́n ènìyàn ni yóò gbà kí ó kú. Àwọn àgbà kò ṣàì rí i tẹ́lẹ̀: bí a bá lé ni tí a kò bá ni, ìwọ̀n là ń bá ni í ṣọ̀tá mọ.