Láti Orí Ìjàpá Dé Orí Tòkunbọ̀

Títí di nǹkan bí agbedeméjì àwọn ọdún 1980, ènìyàn nìkan ni à ń pè ní Tòkunbọ̀. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí àwọn òbí rẹ̀ sì gbé wálé ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ iyì ni, nítorí pé ó ń sọ fún aráyé pé ìdílé náà ti rìn jìnnà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí orúkọ yìí fi bọ́ sára ọkọ̀ àlòkù. Bí orúkọ ọmọ ṣe di orúkọ mọ́tò ni mo fẹ́ tọpasẹ̀ rẹ̀ níhìn-ín. N ó fi Volkswagen Golf ṣe atọ́nà, nítorí pé ọkọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi kọ́ bí a ti ń gbé pẹ̀lú ohun tí a kò mọ bí ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀.

Ẹni tí yóò bá sọ ìtàn Golf kò lè yẹ Ìjàpá sílẹ̀. Volkswagen olóríi rìbìtì tí Golf rọ́pò ni àwọn ènìyàn wa sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì jẹ̀bi, ẹ̀yìn rẹ̀ jọ igbá ahun lóòótọ́. Ní ọdún 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lọ́nà Àgbádárìgì. Àkókò náà gan-an ni owó Údòjì bọ́ sí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì ra ọkọ̀ tuntun, ẹlòmíràn sì gba owó àyálò kún un. Ẹni tí ó ra Ìjàpá nígbà náà mọ ìtàn ọkọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó mọ ìgbà tí ó kọ́kọ́ dákẹ́ sọ́nà, ó mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ họ ọ́ lára. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, búùtù rẹ̀ wà níwájú, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń tù ú, kì í mu omi rárá. Bí ooru bá pọ̀, onílé á ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, á sì máa lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òpin àdúgbò, wọ́n á ti mọ̀ pé baba dé.

Golf wá dojú gbogbo èyí délẹ̀. Ọdún 1974 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Wolfsburg ní Jámánì, ará Ítálì kan, Giorgetto Giugiaro, ni ó sì ya àwòrán rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kúrò lẹ́yìn, ó wá sí iwájú, ó dùbúlẹ̀ ní ìbú. Omi ni ó ń tù ú. Táyà iwájú ni ó ń fa ọkọ̀ lọ. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ń gbéra sókè pẹ̀lú gíláàsì, àga ẹ̀yìn sì ṣeé ká wálẹ̀ kí ẹrù lè gba ibẹ̀. Ìdílé kékeré tí kò fẹ́ ná owó púpọ̀ sórí epo ni wọ́n ṣe é fún. Èkejì irú rẹ̀ jáde ní 1983, ẹ̀kẹta ní 1991. Àwọn méjèèjì yìí ni ojú wa mọ̀ jù.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ wa kò ṣòro láti rí. Ní ọdún 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Nígbà tí ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀ ní 1986, owó wa já wálẹ̀, tí ó fi di pé ní 1987 dọ́là kan ń lọ sí nǹkan bí náírà mẹ́rin. Ọkọ̀ tuntun kúrò ní ohun tí olùkọ́ ń lá àlá rẹ̀. Ọkọ̀ tí àwọn ará Yúróòpù ti lò ni ó kù. Ìyẹn ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Antwerp, ó ń bọ́ sílẹ̀ ní Kútọnu, ó sì ń gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí kò fi jẹ́ London, níbi tí àwọn ọmọ wa kún fọ́fọ́. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ìdáhùn wà. Ọjọ́ náà ni Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi lé wa lọ́wọ́, tí a bọ́ sápá ọ̀tún. Láti ìgbà náà, sítíárìn ọkọ̀ London ti wà ní ẹ̀gbẹ́ tí kò bá ọ̀nà wa mu. Èyí wà lára ohun tí ó sọ Bẹ́ljíọ̀mù di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọlọ́jà.

Àwọn tí ó ní Golf ń yìn ín, wọ́n ń bú u. Wọ́n ní ó yá nílẹ̀, ó ń di títì mú bí ó bá ń kọ kọ́nà, epo díẹ̀ ni ó sì ń mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí Ìjàpá tọ́ dàgbà kò mọ omi í bù fún ọkọ̀, ẹ̀kọ́ yìí sì ná ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ẹ́ńjìnnì odindi. Àwọn mẹkáníìkì wa wá rí ọgbọ́n kan dá. Wọ́n ń yọ thermostat sọnù, wọ́n ní ìlú olótùútù ni ó wà fún. Ohun kékeré yìí ni ó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó, kí ó tó jẹ́ kí omi kọjá sí rédíétọ̀. Bí a bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì kì í tètè gbóná tó bí ó ṣe yẹ, pàápàá láàárọ̀ ọyẹ́, epo tí ó ń mu á sì pọ̀ sí i. Bí ó bá sì jẹ́ rédíétọ̀ ni ó dí, àìsàn ṣì wà níbẹ̀, a kàn da aṣọ bò ó ni. Ṣáàfù náà ń kọ́? Bí rọ́bà tí ó bò ó bá ya, gíríìsì á jáde, iyanrìn á wọlé, ọkọ̀ á sì máa ké kọ́-kọ́-kọ́ bí a bá yí sítíárìn. Onígolf tí kò mọ ohùn yẹn kò ì tíì pẹ́ nídìí rẹ̀.

Àríyànjiyàn mìíràn wà tí kò kan ẹ̀rọ. Golf onílẹ̀kùn méjì pọ̀ láàrin èyí tí ó wọlé, ẹni tí yóò bá sì jókòó lẹ́yìn gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba kọjá lẹ́yìn àga iwájú. Ta ni yóò ní kí àna òun nínú agbádá tẹ̀ ba bẹ́ẹ̀? Nítorí náà àgbà a máa jókòó níwájú, ìyàwó àti àwọn ọmọ a sì ti wọlé kí ó tó dé. Ìyá mi kò fẹ́ràn ọkọ̀ náà nítorí irú. Kò sí ògiri láàrin ẹrù àti èrò, bí ó bá ti ọjà dé, gbogbo wa ni à ń gbọ́ òórùn ohun tí ó rà. Àwọn mìíràn ní ọkọ̀ tí wọ́n gé nídìí ni, wọ́n ń fi owó kún un kí wọ́n lè ra Jetta tàbí Vento tí ó ní búùtù gidi, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá Golf ni àwọn méjèèjì. Lójú tèmi, ẹ̀tàn ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé búùtù jẹ́ apá kan iyì ọkọ̀ láàrin wa.

Ẹni tí ó ta Golf tèmi fún mi sọ pé ìyá àgbà kan ní Jámánì ni ó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Lẹ́tà D ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, n kò sì yọ ọ́, nítorí pé òun ni ẹ̀rí pé tòkunbọ̀ gidi ni. Lóṣù kejì, mo ń wá owó tí ó bọ́ lọ́wọ́ mi, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ àga ẹ̀yìn, mo sì fa bàtà ọmọdé kan yọ, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ kan ti jà lórí àga yẹn rí, wọ́n ti sùn lórí rẹ̀, wọ́n ti bì sórí rẹ̀. Òǹkà kílómítà tí ó wà níwájú mi kò sọ ìyẹn. Èmi náà kò béèrè, mo ti fọ ọkọ̀, mo ti pe ọ̀rẹ́ jọ, a ti wẹ̀ ẹ́ ní ọkọ̀ tuntun.

Nígbà tí ó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, ìjọba fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé, ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ sì di ọ̀nà ẹ̀bùrú fún oníṣòwò mọ́tò. Èmi ti ta Golf mi ṣáájú ìgbà náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó rà á béèrè ọdún tí ó wọ Nàìjíríà, mo sì sọ fún un. Kò béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é. Ó yí sítíárìn sápá ọ̀tún, ó tẹ́tí, ó yí i sápá òsì, ó sì ka owó fún mi.