Kìlómítà 40 sí Iwájú Adájọ́: Òmìnira Ara Ẹni Nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà, Láti Ojú Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Òkìtìpupa, ìlú orí òkìtì ilẹ̀ pupa, ni Ilé-ẹjọ́ Gíga, ilé-ẹjọ́ Májísíréètì àti ọgbà ẹ̀wọ̀n wà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wádìí bí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ṣe ń ṣe ààbò fún mẹ̀kúnnù, tí ó wá forí lé Àbújá, ó ti rìn kọjá ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nítorí, lójú tèmi, ẹ̀tọ́ tí ó ṣeé fọwọ́ bà jùlọ nínú ìwé náà ni èyí tí ó ka iye wákàtí, tí ó sì wọn ọ̀nà, láti àgọ́ ọlọ́pàá dé iwájú adájọ́.

Ìgbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ wọnú òfin wa. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké ń bẹ̀rù pé bí òyìnbó bá lọ tán, àwọn ẹ̀yà ńlá yóò gbé àwọn mì. Àwọn ará Bìní, alámùúlégbè Ìkálẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn, wà lára àwọn tí ó ké gbàjarè. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ Sir Henry Willink ní 1957. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní 1958, kò gbà pé kí a dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó dámọ̀ràn pé kí a kọ ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn sínú òfin. Báyìí ni ó ṣe wọ ìwé òfin 1960, ti 1963, ti 1979, títí dé ti 1999, níbi tí ó ti gba Orí Kẹrin, láti abala 33 dé 46.

Abala 35 ni mo fẹ́ dúró tì. Ó ní kí a sọ ìdí tí a fi mú ènìyàn fún un láàárín wákàtí 24, nínú ìwé, àti ní èdè tí ó yé e. Ó ní ẹni náà lè pa ẹnu mọ́ títí yóò fi rí lọ́yà rẹ̀. Bí ilé-ẹjọ́ tí ó lẹ́tọ̀ọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ṣoṣo ni a fi gbọ́dọ̀ mú un débẹ̀. Bí kò bá sí, ọjọ́ méjì ni, tàbí iye ọjọ́ tí ilé-ẹjọ́ bá rí pé ó bọ́gbọ́n mu. Òde-Ayé, Igbótako, Ilútitun, Òde-Ìrèlè, kò sí èyí tí ó jìnnà sí Òkìtìpupa tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àyàfi ẹni tí a fura sí pé ó ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú, ará ìlú wọ̀nyí tí ó sun oorun ọjọ́ mẹ́rin ní àtìmọ́lé láìfojú kan adájọ́, òfin ni a fi dù ú. Ní ti èdè tí ó yé ni, àgbẹ̀ Ìkálẹ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí a ní kí ó tẹ̀ka sí ìwé Gẹ̀ẹ́sì, a kò tíì sọ nǹkan kan fún un.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, ni àwọn baba wa ti wí kí òyìnbó tó dé. Ìpìlẹ̀ abala 36 náà nìyẹn.

Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́, ará Ìkálẹ̀, olóko ọ̀pẹ, sì mọ èyí dájú. Ní 1984, ìjọba ológun fi àṣẹ kejì ọdún náà gba agbára láti ti ènìyàn mọ́lé láìrí adájọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kínní 1996, wọ́n mú Gani Fawehinmi, ọmọ Oǹdó, akọ lọ́yà tí í bá ìjọba wọ̀yá ìjà, ní ilé rẹ̀ l'Ékòó láìsí ìwé àṣẹ. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 2000, Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé Àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tí Nàìjíríà sọ di òfin ní 1983, lágbára ju òfin yòókù lọ, bí kò tilẹ̀ ju ìwé òfin orílẹ̀-èdè lọ.

Ọ̀nà tí Gani gbà kò dí mọ́ mẹ̀kúnnù. Abala 46 sọ pé Ilé-ẹjọ́ Gíga ni kí ẹni tí a tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú lọ, ó sì ní kí a ṣètò ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí kò lówó lọ́yà. Bí ó bá jàre, abala 35 fún un ní owó gbà-má-bínú àti ìtúúbá ní gbangba láti ọwọ́ àwọn aláṣẹ. Owó yóò tán. Ìtúúbá náà ni mo kà sí jù, nítorí ojú ọjà kan náà tí a gbà wọ́ ọ lọ ni a ó ti dá orúkọ rẹ̀ padà fún un.