Ti Ta La Ó Ṣe? Ákítọ̀ àti Bọ́ọ̀sì Lójú Òǹwòran Ṣómólú àti Bàrígà

Ní Ṣómólú àti Bàrígà, bó ti rí káàkiri Èkó, ọ̀nà méjì ni ọmọdé tó ń wo fíìmù máa ń pín àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ sí: ákítọ̀ àti bọ́ọ̀sì. Ákítọ̀ ni ẹni tí ìtàn ń tẹ̀ lé, tí gbogbo ilé ń ṣe tirẹ̀. Bọ́ọ̀sì ni olórí ọ̀tá tí wọ́n ń retí kó ṣubú. Fíìmù Íńdíà, ti Ṣáínà àti ti Amẹ́ríkà ló fi ìlànà yìí múlẹ̀, òfin rẹ̀ sì le: ákítọ̀ kì í kú. Fíìmù Yorùbá ló wá da òfin náà rú díẹ̀díẹ̀, títí òǹwòran fi lè jókòó ti eré wákàtí méjì láìrí ẹni tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ bá lọ.

Kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nínú Àjàní Ògún (1976), tí Ọlá Balógun darí, Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love tí gbogbo ayé mọ̀, ló ṣe ọ̀dọ́ ọdẹ tó kojú olóṣèlú oníwà ìbàjẹ́. Ní 1979, Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde, òun fúnra rẹ̀ sì ni Ọ̀ṣẹ́túrá tó ń gbógun ti àwọn àjẹ́. Orí ìtàgé ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti wá. Ọ̀gá ẹgbẹ́ eléré ló sábà máa ń kó ipa tó ga jù, ẹni tó sanwó wọlé kò sì nílò àlàyé kó tó mọ ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́ fún.

Àlọ́ ni kò fìgbà kan béèrè irú ènìyàn rere bẹ́ẹ̀. Ìjàpá ni olú ẹ̀dá-ìtàn àìmọye àlọ́. Olè ni, ọ̀kánjúwà ni, alábòsí sì ni. Kò sí ọmọ tó ń gbàdúrà kí Ìjàpá borí. Bí ọwọ́ yóò ṣe tẹ̀ ẹ́ ni adùn ibẹ̀.

Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, owó fíìmù ilé sinimá kọjá agbára àwọn eléré, wọ́n sì bọ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Kásẹ́ẹ̀tì nílò páálí, eré nílò pósítà, Ṣómólú sì ti di àdúgbò àwọn atẹ̀wé, pàápàá lágbègbè Ṣípéolú. Lára ẹ̀rọ tó gbajúmọ̀ níbẹ̀ ni Kord tí Heidelberg ṣe ní Jámánì. Àwọ̀ kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ìwé aláràbarà ní láti gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin, fún búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú. Bí ìwé bá yẹ̀ díẹ̀, ètè òṣèré a di méjì. Ojú ènìyàn ló ń kún orí pósítà náà fọ́fọ́, èyí ń rẹ́rìn-ín, èyí ń sunkún, èyí ń fajú ro. Orúkọ òṣèré ló ń tajà, kì í ṣe ìwà ẹni tó ṣe, ẹni tó bá ń wo pósítà náà lára ògiri kò sì lè fi dájú pé òun mọ ákítọ̀.

Àwọn eré tó dára jù lásìkò náà gan-an kò mú un rọrùn láti mọ ákítọ̀. Nínú Ó Le Kú (1997), tí Túndé Kèlání yọ láti inú ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, akẹ́kọ̀ọ́ ni Àjàní, ó sì ń yí láàárín obìnrin mẹ́ta, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Ìró kúkúrú àti bùbá inú eré náà gbòde débi tí wọ́n fi sọ aṣọ ọ̀hún ní oleku. Àjàní fúnra rẹ̀ kò rí irú ìfẹ́ yẹn gbà. Nínú Ṣaworoidẹ (1999), Lápìtẹ́ ọba Jogbo ni ìtàn ń tẹ̀ lé, ìlù tí yóò pa á sì ni òǹwòran ń dúró dè.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀daràn wá jókòó sáàárín gbùngbùn. King of Boys (2018) ti Kẹ́mi Adétiba fi Ẹniọlá Salami jọba lórí àwọn jàǹdùkú. Ọmọ Ghetto: The Saga, tó jáde ní Kérésìmesì 2020, pa owó tó lé ní mílíọ̀nù 636 náírà nílé sinimá, àwọn ọmọ ìta ló sì kún inú rẹ̀. Ní 2022, Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, gbé Aníkúlápó jáde. Ṣàrò, ahunṣọ òfì, gba ìyàwó ọba, ó tún gba agbára àjíǹde nípasẹ̀ obìnrin náà, ó wá yíjú kúrò lára rẹ̀. Ọdẹ olóòótọ́ ni bàbá ṣe. Ọmọ gbé aláìmoore síwájú wa.

Bàrígà ní ìdí tirẹ̀ láti fajú ro. Ìjà àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn Ẹyẹ àti Ayé ti da àdúgbò náà rú lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí Gangs of Lagos ti Jáde Ọ̀ṣíbérù dé ní 2023, Ìsàlẹ̀ Èkó ni ìtàn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹni tó ti sáré ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rí kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fẹ́ràn ọmọkùnrin tó di àdá mú, bó ti wù kí kámẹ́rà pọ́n ọn lé. Bariga Sugar, fíìmù kúkúrú tí Ifeoma Chukwuogo darí, gba ọ̀nà mìíràn. Ilé aṣẹ́wó kan ní Bàrígà ni ó ti ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọdé méjì, Ese àti Jamil, sì ni ìtàn ń tẹ̀ lé. Àwọn àgbà inú ilé náà ní ẹ̀bi tiwọn. Àwọn ọmọ méjèèjì kò ní.